Àtọ̀gbẹ àti Ògiri Òpó Ẹ̀jẹ̀: Ọ̀nà Tí Ewu Ń Gbà Dé Ọkàn

Nínú gbogbo ẹ̀yà tí Elédùmarè fi jíǹkí ọmọ ènìyàn, èwo ni a lè fi wé ọkàn, a-ṣiṣẹ́-má-rẹ̀, òṣìṣẹ́ tí kì í gba ìsinmi ọdún, ẹni tó jẹ́ pé bí olówó rẹ̀ ti ń sùn, tó ń hanrun, ni òun ń ṣe iṣẹ́ òun lọ láìdábọ̀? Láàrin ọ̀sán kan àti òru kan, ọkàn a máa lù tó ìgbà 100,000. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 jáde, kí orí lè rí tirẹ̀ gbà, kí ẹsẹ̀ rí tirẹ̀ gbà, kí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín má sì ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ti lágbára tó yìí, kò lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ bí ọ̀nà bá dí. Òun fúnra rẹ̀ pàápàá, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dì mọ́ ọn lára lóde ni wọ́n ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá dí pátápátá, apá ibi tó ń bọ́ lára ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa ọkàn, ògiri àwọn òpó wọ̀nyẹn ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Bí a bá dárúkọ àtọ̀gbẹ láàrin wa, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí ni ìtọ̀ tí eèrà ń ṣù bò, òùngbẹ tí omi kò pa, ojú tó ń ṣú, àti egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó ní irú kejì àtọ̀gbẹ, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ tó sì sábà máa ń mú àgbàlagbà, àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gba ẹ̀mí wọn ju ohunkóhun mìíràn lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ibi tó ń ti inú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ṣọṣẹ́ yìí ni ikú ilé fún alátọ̀gbẹ.

A kò fi àbá lásán mọ èyí. Ní ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìlera àwọn ará ìlú náà láti ọdún 1948. Nígbà tí William Kannel àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe àkójọ ohun tí wọ́n ti rí láàrin ogún ọdún, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, ó hàn pé ewu tó wà lórí alátọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ẹni tí kò ní in, àti pé àwọn obìnrin, tí àrùn ọkàn kì í sábà tètè bá jà bíi ti ọkùnrin, ń pàdánù ààbò yẹn bí àtọ̀gbẹ bá ti wọ̀ wọ́n lára. Ní 1998, àwọn oníwádìí tún mú ìròyìn mìíràn wá láti ilẹ̀ Finland: wọ́n tẹ̀lé àwọn ènìyàn kan fún ọdún 7, wọ́n sì rí i pé nínú 100 alátọ̀gbẹ tí ọkàn wọn kò dáṣẹ́ sílẹ̀ rí, bí 20 ni ìkọlù ọkàn bá, nígbà tó jẹ́ pé nínú 100 ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ ṣùgbọ́n tí ìkọlù ọkàn ti bá rí, bí 19 ni ó tún padà bá. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e ti jẹ́ kó yé wa pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà lára gbogbo alátọ̀gbẹ, nítorí bí àrùn náà bá ti pẹ́ lára tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ tí a gbọ́ láti Finland kò tíì di ohun àgbàgbé.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ògiri yìí? Ìpele mẹ́ta ni ògiri òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ní. Ti òde jẹ́ awọ líle tó ń dáàbò bò ó. Ti àárín jẹ́ iṣan ẹran tó lè sún kì, tó sì lè dẹ̀, kí òpó náà lè gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tàbí díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara bá ti ń fẹ́. Ti inú ni ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, nítorí pé ìtẹ́ tó kan ẹ̀jẹ̀ gan-an kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ. Má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ìtẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí o. Òun ni oníbodè tó ń mọ ohun tó yẹ kó wọlé àti ohun tó yẹ kó kọjá lọ. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ògiri. Òun náà ni ó ń tú afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní nitric oxide sí iṣan ẹran àárín, pé kí ó dẹ̀, kí ọ̀nà gbòòrò. Ìdí iṣẹ́ afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, wá tí wọ́n fi gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998.

Ìlera ìtẹ́ yìí ni irú kejì àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kan tó fara sin sẹ́yìn àpòlúkù ń ṣe, ni ó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ṣùgbọ́n nínú àrùn yìí ara a máa kọ etí ikún sí ínsúlínì, ẹ̀yà tó ń ṣe é a máa sa gbogbo ipá rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, ṣúgà yóò sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù kì í jókòó jẹ́ẹ́. A máa lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà tó mọ ògiri òpó náà ró, a sọ wọ́n di líle; a máa dín nitric oxide kù, tí òpó kò fi ní lè dẹ̀ mọ́ bó ti yẹ. Ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé òun náà kò gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́, a máa da ọ̀rá púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Kòlẹ́sítẹ́róòlù rere tó ń kó ọ̀rá kúrò yóò dín kù, èyí tó burú yóò sì di wínníwínní, tí yóò fi rọrùn fún un láti rá pálá wọlé. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀, èyí tó sábà máa ń bá àtọ̀gbẹ rìn bí ìbejì, ìtẹ́ náà yóò máa jẹ ìyà lójoojúmọ́ lábẹ́ ipá ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ lù ú.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe tí àwọn bàbá wa ń pa nípa ilé alámọ̀ yìí ṣe àlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òpó ẹ̀jẹ̀ bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á. Nígbà tí ìtẹ́ inú bá ti fara gbọgbẹ́, ògiri ti lanu nìyẹn, kòlẹ́sítẹ́róòlù tó burú yóò sì yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti dógùn-ún, tí yóò bàjẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti àjèjì, yóò gbọ́ pé ọ̀tá ti wọlé, wọn yóò sì tẹ̀lé e wọ inú ògiri, wọn yóò máa gbé e mì títí tí ọ̀rá yóò fi kún inú wọn fọ́fọ́, tí wọn kò ní lè padà jáde mọ́, tí wọn yóò sì kú síbẹ̀. Iṣan ẹran àárín náà yóò ṣí wá láti wá bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, yóò máa bí sí i, yóò sì máa hun awọ lé e lórí. Báyìí ni ohun tó yẹ kó jẹ́ ààbò ṣe ń di ẹrù, tí ògiri ń nípọn sí i láti ọdún dé ọdún, tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sì ń há.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá há tán ni ewu dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Òkìtì ọ̀rá tí kò tíì dí ìdajì ọ̀nà lè ní awọ tó fẹ́lẹ́ lórí; bí awọ yìí bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò rò pé ọgbẹ́ tuntun ni, yóò sì sáré dì lé e lórí, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀nà tó ti wà láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ yóò sì dí pinpin. Bí ó bá jẹ́ ní òpó tó ń bọ́ ọkàn ni, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ní ọ̀nà orí ni, rọpárọsẹ̀ dé. Ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ sì tún máa ń yára dì ju ti ẹlòmíràn lọ, èyí tó ń fi iyọ̀ sí ojú egbò.

Ohun tó tún mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ògiri tó ń nípọn kì í kígbe. Kì í ro ni, kì í yúnni, kì í fa ibà. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ a sì máa ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìkọlù ọkàn lè bá alátọ̀gbẹ tí àyà kò sì ní ro ó rárá; ó lè jẹ́ pé èémí rẹ̀ kàn ń gùn, pé ó ń làágùn tútù, pé inú ń rìn ín tàbí pé ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà tí kò ṣe é ṣàlàyé. Ẹni tó bá rí irú èyí lára alátọ̀gbẹ, kí ó má ṣe sọ pé ibà lásán ni tàbí pé oúnjẹ ni kò dà; kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, nítorí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ni apá kan ọkàn ń bá a lọ.

Nígbà tí Ọlọ́run sì ti fi ọgbọ́n fún ènìyàn, a ti rí ọ̀nà láti wo ògiri yìí láìla ara. Ní 1986, Paolo Pignoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milan, ní Ítálì, fi hàn pé ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán inú ara, irú èyí tí a fi ń wo ọmọ nínú oyún, lè wọn ìnípọn ìpele inú àti ti àárín ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Òpó ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni a sábà máa ń wò, nítorí pé ó súnmọ́ awọ ara, ohun tó bá sì ń ṣe é kì í sábà jìnnà sí ohun tó ń ṣe òpó ọkàn. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ìnípọn yìí kì í tó mìlímítà kan. Bí ó bá ti kọjá 0.9 mìlímítà, àwọn oníṣègùn a máa kà á sí àmì pé nǹkan ti ń bàjẹ́, bí ó bá sì kọjá 1.5 ní ojú kan, òkìtì ọ̀rá ti jókòó síbẹ̀. Àwọn oníwádìí kan láti Sweden ṣe àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí ní 2006, wọ́n sì rí i pé ògiri àwọn tó ní irú kejì àtọ̀gbẹ fi bíi 0.13 mìlímítà nípọn ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Lójú ẹni tí kò mọ̀, kí ni èyí já mọ́? Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọjọ́ orí ń fi kún ìnípọn ògiri, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré yìí túmọ̀ sí pé òpó ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ ti fi ohun tó ju ọdún 10 dàgbà ju olówó rẹ̀ lọ. Àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, ṣùgbọ́n tí a kò tíì lè pè ní alátọ̀gbẹ, ti rí díẹ̀ nínú ìyípadà yìí pẹ̀lú. Kò pọn dandan kí gbogbo alátọ̀gbẹ lọ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni kí a dì mú, pé iṣẹ́ ibi náà ti bẹ̀rẹ̀ kí àrùn tó fojú hàn. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1977 lórí àwọn alátọ̀gbẹ 5,102, bí ìdajì wọn ni ó ti ní àmì ìpalára lára ní ọjọ́ tí wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ní ọdún 1971 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti tẹ ìwádìí jáde lórí alátọ̀gbẹ 832 ní ilẹ̀ wa. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ṣe olórí rẹ̀ ròyìn ní 1997 pé bí àgbàlagbà 2 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Àkójọpọ̀ ìwádìí tó jáde ní 2018 fi iye náà sí nǹkan bíi 6. Ìwádìí kan sì wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá ronú lé lórí: ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ènìyàn ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wé àwọn ọmọ ìyá wọn tí òwò ẹrú kó lọ sí erékùṣù Caribbean, àti àwọn ènìyàn dúdú tó ń gbé ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ jẹ́ bí 2 nínú 100 nílé, bí 9 ní Caribbean, bí 11 ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ jù ni oúnjẹ, ìsanra àti ìjókòó sójú kan. Ìgbé ayé yẹn ti ń bá wa nílé nísinsìnyí, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì àti ọ̀kadà tó ń gbé wa dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa ń gbé wọn dé.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó ń ba ògiri jẹ́ ṣe é dá dúró. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí; ẹni tó bá ń lé ṣúgà nìkan, tó fi ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá sílẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo mẹ́nu bà yẹn, nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, àwọn tí wọ́n kápá ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dáadáa bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ fi ìdá 44 nínú 100 dín kù. Ní 2004, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní CARDS fi hàn pé oògùn sítátìnì, tó ń dín kòlẹ́sítẹ́róòlù kù, fi ìdá 37 nínú 100 dín ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn kù lára alátọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Denmark ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: nínú ìwádìí Steno-2, alátọ̀gbẹ 160 tí ewu tiwọn ga ni wọ́n pín sí méjì, wọ́n sì fún apá kan ní ìtọ́jú tó dojú kọ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá, sìgá, oúnjẹ àti eré ìdárayá lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 8, ewu àrùn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn yìí ti dín kù sí bí ìdajì ti àwọn yòókù. Nígbà tí ọdún 21 sì pé, ó hàn pé ẹ̀mí wọn ti fi bí ọdún 8 gùn sí i.

Síbẹ̀, ìwọ̀n kò ṣe é fi sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Nínú ìwádìí ACCORD ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n fi agbára já ṣúgà àwọn alátọ̀gbẹ tí àrùn ti pẹ́ lára wọn wálẹ̀ bí ẹni pé wọn kò ní àrùn rárá, ṣùgbọ́n ní 2008 ni wọ́n dá a dúró, nítorí pé àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ń kú ju àwọn yòókù lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí dókítà bá olúkúlùkù sọ ìwọ̀n tirẹ̀, kí àgbàlagbà má sì fi ìbínú gbé oògùn ìlọ́po méjì jẹ nítorí pé ṣúgà ga ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Láti 2015 pẹ̀lú, ìwádìí ti fi hàn pé àwọn oògùn tuntun kan, irú bí empagliflozin, ń dín ṣúgà kù, wọ́n sì ń dáàbò bo ọkàn fúnra rẹ̀; ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè.

Kí wá ni ṣíṣe fún ẹni tó ń ka ìwé yìí? Bí o bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí o sanra, tàbí tí bàbá tàbí ìyá rẹ ní àtọ̀gbẹ, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò: bí ṣúgà òwúrọ̀ kí o tó jẹun bá tó 126 mg/dL, tí a sì tún un wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti wọlé. Alátọ̀gbẹ ní láti mọ iye mẹ́ta nípa ara rẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀: ìwọ̀n ṣúgà oṣù mẹ́ta tí a ń pè ní HbA1c, èyí tí a máa ń fẹ́ kí ó wà ní bíi ìdá 7 nínú 100 lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, tí à bá fẹ́ kí ó wà nísàlẹ̀ 130 lórí 80 bí ara bá gbà á, àti ìwọ̀n kòlẹ́sítẹ́róòlù. Kí ó jáwọ́ nínú sìgá àti áṣáà. Kí ó máa rìn kánkán tó 150 ìṣẹ́jú láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Nínú oúnjẹ, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja ni kí ó gba ibi tó pọ̀ nínú àwo, kí òkèlè kéré. Kí a má sì tan ara wa pé àmàlà ògẹ̀dẹ̀ jẹ́ oògùn, nítorí àpọ̀jù òun náà yóò di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí iyọ̀ dín kù. Ẹni tó bá sì fẹ́ mu àgbo, kí ó má ṣe tìtorí rẹ̀ ju oògùn tí dókítà fún un nù.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti máa lo oògùn lójoojúmọ́ nígbà tí ohunkóhun kò ro ni, pàápàá nígbà tí owó rẹ̀ kò rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n igi gánránrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwọn ọdún tí ara kò sọ nǹkan kan wọ̀nyẹn ni ọdún tí ògiri ń nípọn, àwọn náà sì ni ọdún tí ìtọ́jú lágbára jù lọ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní òbí tó ní àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ béèrè iye mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó béèrè ohun mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ nínú ilé, ẹ jẹ́ kí gbogbo agboolé jọ máa jẹ oúnjẹ tó dára fún ẹni kan yẹn, nítorí àwọn ọmọ tó ń bá a jẹun lónìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ló wà lára wọn.